Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì inú ọkọ̀: ọ̀nà wo ló rọrùn jù láti máa fi mú ẹrù jáde níbẹ̀?

Agbórí-omi

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti sú mi.

Ọkọ̀ ìgbòkun wa gùn tó mítà 9. Yàrá imú ọkọ̀ lèmi àti ọkọ mi ń sùn, lórí bẹ́ẹ̀dì onígun mẹ́ta yẹn tó fẹ̀ níbi orí, tó wá há níbi ẹsẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni ibi ìkẹ́rùsí tó tóbi jù nínú ọkọ̀ náà wà, ṣùgbọ́n ohun téèyàn bá kó síbẹ̀, àfi bí ẹni pé ó rì í mọ́lẹ̀. Kí n tó mú àpò skúrù kan ṣoṣo jáde, màá ká aṣọ ìbora, màá kó ìrọ̀rí, màá fa fóòmù dìde, màá fi orí tì í mọ́ àjà, lẹ́yìn náà ni màá wá ki ìka bọ ihò kékeré kan láti fi ṣí pákó tó bo ẹnu rẹ̀. Ọwọ́ kan ló máa kù tí màá fi wá nǹkan nínú òkùnkùn. Tó bá wá jẹ́ pé ọkọ mi ló ṣọ́ ọkọ̀ mọ́jú, tó ń sùn lọ́wọ́, ó di ìgbà tó bá jí.

Lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn, páǹpù tó ń fa omi kúrò nísàlẹ̀ ọkọ̀ dákẹ́. Rọ́bà tí mo fẹ́ fi tún un ṣe wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ogún ìṣẹ́jú gbáko ni mo fi wá a, omi sì ń ga lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ọjọ́ yẹn ni mo sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ohun tí mo ń rò ni pé kí n gé pákó iwájú bẹ́ẹ̀dì náà, èyí tó dúró gbọnrangandan téèyàn máa ń kọ́kọ́ rí tó bá wọ yàrá, kí n wá fi dúrọ́ọ̀ 3 síbẹ̀. Plywood ni, ó nípọn tó mílímítà 12 bíi ti òkè. Wọ́n fi fáíbà lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Ta ló ti ṣe irú ẹ̀ rí?

Ayùn_Mẹ́ta

Àǹtí, ẹ gé e! Èmi ti ṣe é sí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ tèmi, èyí tó wọ abẹ́ ibi ìjókòó awakọ̀ lọ, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀ rí. Dúrọ́ọ̀ 2 ló wà níbẹ̀ báyìí. Ìbọ̀sẹ̀, aṣọ òjò, tọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn ni mò ń mú láìdìde lórí ìkúnlẹ̀.

Ohun tí ẹ kàn ní láti mọ̀ ni pé dúrọ́ọ̀ ọkọ̀ kì í ṣe dúrọ́ọ̀ ilé. Tí ọkọ̀ bá dẹ̀gbẹ́, gbogbo rẹ̀ á já wálẹ̀ lu ojúgun yín. Èyí tí mo kàn ní etí kan nísàlẹ̀ iwájú, bíi mílímítà 10, tó ń bọ́ sínú ojú ihò fúnra rẹ̀. Ẹ ní láti gbé e sókè díẹ̀ kí ẹ tó lè fà á. Ìgbì kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé nǹkan sókè kí wọ́n tó fà á, ìyẹn ni ọgbọ́n inú rẹ̀. Ẹ má sì ra irin oníbọ́ọ̀lù tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ bíi ti tábìlì ọ́fíìsì. Iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ á mú un dípẹtà kí ọdún tó yípo. Igi líle méjì tí mo fi àbẹ́là pa ni dúrọ́ọ̀ tèmi ń gun, ó ń yọ̀ ju irin lọ.

Káfíńtà_Èbúté

Ayùn_Mẹ́ta, àbúrò mi, o ti tún gbé ayùn dé. Ihò wo ni ìwọ rí rí tí o kò fẹ́ gé?

Ìyá wa, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wò ó. Dúrọ́ọ̀ jẹ́ àpótí onígun mẹ́rin. Ikùn ọkọ̀ yípo bí igbá. Téèyàn bá ti àpótí onígun mẹ́rin sínú igbá, gbogbo ibi tó ṣẹ́kù lẹ́yìn rẹ̀ àti lábẹ́ rẹ̀ ti di òfo, kò sẹ́ni tó máa lè dé ibẹ̀ mọ́. Nínú ọkọ̀ kan tí mo ṣiṣẹ́ sí, ihò tó gba nǹkan bíi lítà 140 ni a fi dúrọ́ọ̀ 2 sí. Nígbà tí mo wọn inú dúrọ́ọ̀ méjèèjì, wọn kò pé lítà 80. Oní-ọkọ̀ náà ń rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo parí iṣẹ́. Nígbà tó fẹ́ kó ẹrù wọlé fún ìrìn àjò gígùn, ẹ̀rín tán.

Níbi bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́, ara ọkọ̀ dúró díẹ̀, dúrọ́ọ̀ lè bá a lọ. Ní imú ọkọ̀, bí ẹ ṣe ń lọ síwájú ló ń há, tó sì tún ń gòkè. Dúrọ́ọ̀ tó bá jìn jù níbẹ̀ á fi ìdí lu ara ọkọ̀. Ilẹ̀kùn lásán, tí ẹ máa ṣí kí ẹ sì nawọ́ wọlé, máa ń jẹ́ kí gbogbo ihò náà wúlò. Ẹ wá kó nǹkan sínú àpò aṣọ onísíìpù tàbí àpótí ike rírọ̀ tó lè tẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀.

Ìdákọ̀ró

Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ayùn, ìbéèrè tèmi rèé: kí ló wà lẹ́yìn pákó náà?

Mi ò fi ṣeré. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì imú ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kan ọkọ̀ máa ń gbé táǹkì omi sí. Ibẹ̀ náà ni wọ́n máa ń lu ara ọkọ̀ fún ẹ̀rọ tó ń wọn bí omi ṣe jìn tó àti èyí tó ń wọn bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó. Wáyà iná iwájú ń gba ibẹ̀ kọjá. Tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá wà nítòsí, páìpù àti kọ́ọ̀kì rẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ayùn kì í béèrè ohun tó wà níwájú kó tó gé e.

Èkejì, ẹ sọ pé fáíbà ló so pákó iwájú náà mọ́ ara ọkọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó má jẹ́ ilẹ̀kùn àpótí lásán, kó jẹ́ pé ó wà lára ohun tó ń mú kí imú ọkọ̀ le nígbà tó bá ń fi àyà na ìgbì. Èyí kò sọ pé kí ẹ má gé e. Ó kàn ní ẹ kò gbọdọ̀ gé e láti etí dé etí. Ẹ fi ó kéré tán mílímítà 75 sílẹ̀ yí ihò ká, òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Ẹ má sì fọwọ́ kan ibi tí fáíbà ti lẹ̀ mọ́ ọn rárá. Ihò kéékèèké méjì tí pákó dúró láàárín wọn sàn ju ihò gbàgàdà kan lọ.

Igun ihò náà kò gbọdọ̀ mú. Igun tó mú ni ìlà ìfọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ayùn róbótó tó ń lu ihò mílímítà 50 ni kí ẹ fi lu igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wá fi jigsaw, ayùn oníná kékeré, gé láti ihò kan dé èkejì. Lẹ́yìn náà, ẹ kan férémù igi mọ́ ẹ̀yìn ihò náà yípo, bíi mílímítà 20 ní nínípọn àti 45 ní fífẹ̀, ẹ fi epoxy, gọ́ọ̀mù líle, lẹ̀ ẹ́. Ohun tí ẹ gbà lára pákó nípa ihò, férémù á dá a padà.

Agbórí-omi

Ẹ ṣeun gan-an. Mo lọ wò ó. Mo kó gbogbo ẹrù jáde (ẹ má bi mí léèrè ohun tí mo rí níbẹ̀, bàtà kan tí mo ti wá fún ọdún méjì wà lára wọn), mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo wọlé títí dé ìgbáròkó.

Ọ̀gá Ìdákọ̀ró, ẹ ríran. Táǹkì omi ló wà láàárín gbùngbùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pákó iwájú. Ìka méjì ló wà láàárín wọn. Níwájú táǹkì náà lọ́hùn-ún ni ẹ̀rọ ìwọn-eré wà, èyí tó ní àgbá kékeré tí omi ń yí. Wáyà gba ọ̀tún kọjá. Apá òsì ṣófo gbáà, láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Dúrọ́ọ̀ 3 ti di àlá nìyẹn o.

Ìdákọ̀ró

Ó dáa pé ẹ wò ó. Ẹ̀rọ ìwọn-eré yẹn yí ọ̀rọ̀ padà ju bí ẹ ṣe rò lọ. Tí ewéko omi àti ìgbín kéékèèké bá wé mọ́ àgbá rẹ̀, ńṣe lẹ máa fà á jáde láti inú ọkọ̀ kí ẹ lè fọ̀ ọ́, omi á sì máa ya wọlé títí ẹ ó fi ti ìdérí rẹ̀ bọ ojú ihò. Bí òrùka rọ́bà rẹ̀ bá sì gbó, ibẹ̀ lè máa jò. Ibi tí ara ọkọ̀ ti ní ihò kò gbọdọ̀ jẹ́ ibi tí èèyàn máa ká aṣọ ìbora kó tó dé. Kí ẹ máa ronú nípa aṣọ òjò àti skúrù ti dáa, ṣùgbọ́n ihò yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sọ́kàn. Ẹ so èèkàn igi rírọ̀ kan tó ṣe wẹ́kú ihò náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an, kí ó má lọ wà nínú àpótí kan níbòmíràn.

Nítorí náà, òkè bẹ́ẹ̀dì kò ṣeé pa tì. Ó gbọ́dọ̀ máa ṣí kíákíá.

Káfíńtà_Èbúté

Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi á wá pín iṣẹ́ náà sí méjì.

Apá òsì tó ṣófo: ẹ gé ilẹ̀kùn kan sí iwájú rẹ̀ bí Ìdákọ̀ró ṣe là á sílẹ̀. Ohun tí ẹ ń lò lójoojúmọ́ ni kí ẹ kó síbẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi páálí gé àwòrán ihò náà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, kí ẹ máa bá a gbé fún bí ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wò ó bóyá orúnkún yín máa dí i, bóyá ilẹ̀kùn yàrá á lù ú tó bá ṣí. Mo ti rí ẹni tó gé ihò tó rẹwà tán kó tó rí i pé ilẹ̀kùn kò lè ṣí ju ìdajì lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. 

Òkè: pákó tí ẹ ń gbé kúrò pátápátá yẹn ni kí ẹ sọ di ìdérí tó ń ṣí sókè fúnra rẹ̀. Ẹ fi hinge gígùn sí apá ibi ẹsẹ̀, kí ó lè máa ṣí láti ibi tí ẹ dúró sí. Ẹ wá fi ọ̀pá gáàsì méjì gbé e, irú èyí tó ń gbé búùtù mọ́tò dúró. Fóòmù á wà lórí rẹ̀, á bá a gòkè. Ọwọ́ yín méjèèjì á wà lómìnira.

Kí ẹ tó ra ọ̀pá gáàsì, ẹ ṣírò. Àwọn èèyàn máa ń fi ojú wọn ọ́n, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ ká ní ìdérí náà fẹ̀ ní mítà 1, ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 80. Plywood fífúyẹ́ tó nípọn ní mílímítà 12 máa ń wọn nǹkan bíi kílò 6 fún mítà kan níbùú-lóròó, nítorí náà pákó yín á tó kílò 5. Ẹ fi igi ìtìlẹ́yìn kún un, ẹ fi fóòmù àti aṣọ rẹ̀ kún un, ẹ pè é ní kílò 12. Ìwọ̀n kílò 12 yẹn ń tẹ nǹkan nílẹ̀ pẹ̀lú agbára Newton 118. Àárín ìwúwo rẹ̀ jìnnà sí hinge ní sẹ̀ǹtímítà 40. Ẹ sọ 118 di ìlọ́po 0.4, ó jẹ́ 47. Ẹ wá wọn bí ọ̀pá gáàsì ṣe jìnnà sí hinge, ṣùgbọ́n ẹ wọn ọ́n ní ìdábùú sí ọ̀pá náà, ẹ má wọn ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó. Tó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12, ẹ fi 0.12 pín 47, ó tó 390. Ọ̀pá méjì ló máa pín in, ìyẹn ni pé ọ̀pá Newton 200 kọ̀ọ̀kan tó.

Ẹ rántí wọn àjà. Ìdérí sẹ̀ǹtímítà 80 tó bá ṣí dé ìwọ̀n (digírì) 60, etí rẹ̀ á ga tó sẹ̀ǹtímítà 69, fóòmù á sì tún fi tirẹ̀ kún un. Ní imú ọkọ̀, àjà kì í ga.

Ayùn_Mẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n, ìṣirò yìí ti fẹ́ di ti yunifásítì. Ọ̀pá igi kan tí mo fi okùn so mọ́ ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń gbé tèmi dúró. Kò ní gáàsì, kò lè dípẹtà, kò sì ní kú.

Káfíńtà_Èbúté

Kò burú, àbúrò. Títí ọjọ́ tí ìgbì á fi ta ọ̀pá náà nù, tí ìdérí á sì já lé ọ lórí nígbà tí o bá tẹ̀ síbẹ̀.

Ayùn_Mẹ́ta

Ó ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mi ò fẹ́ sọ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀ dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ lo irú ìkọ́ tó wà nínú, tí èèyàn ń ki ìka bọ ihò kó tó tẹ̀ ẹ́: ẹ má lò ó nínú ọkọ̀. Ìka mi wà nínú ihò nígbà tí ọkọ̀ ta gìrì. Ilẹ̀kùn lọ sí apá kan, èmi lọ sí apá kejì. Oṣù méjì ni mo fi di ìka náà. Bọ́tìnnì tó wà ní ojú ilẹ̀kùn, tí ẹ máa tẹ̀ kó tó yọ síta, ló dáa. Òòfà lásán náà kò tó, nítorí ẹrù tó bá yí lu ilẹ̀kùn láti inú á ṣí i.

Abẹ́rẹ́_Òwú

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ pákó, ẹ gbàgbé fóòmù. Iṣẹ́ fóòmù ni mò ń ṣe, ẹ gbà mí láàyè.

Ìdérí ẹ̀gbọ́n Káfíńtà kò ní ṣí bí fóòmù bá ṣì jẹ́ odindi kan. Ẹ gbọ́dọ̀ gé e sí ibi tí etí ìdérí wà. Ibi tí ẹ sì gé e ṣe pàtàkì. Ìlà tó bá dábùú abẹ́ ìbàdí tàbí abẹ́ èjìká, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára lóròòru, torí ibẹ̀ ni ara wúwo sí jù. Ẹ jẹ́ kó bọ́ sí abẹ́ orúnkún, tàbí kí ó gba àárín yín méjèèjì kọjá lóròó, níbi tí ẹnì kankan kì í sùn lé. Ọ̀bẹ gígùn tó ní eyín, èyí tí wọ́n ń fi iná lò, máa ń gé fóòmù bí ẹní gé bọ́tà. Ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gbìyànjú, ó máa rí págunpàgun. Nígbà tí ẹ bá rán aṣọ tuntun, ẹ gé aṣọ náà kéré ju fóòmù lọ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan, kí ó lè fún un dáadáa. Àwọn kan ń rán Velcro, téèpù tó ń lẹ̀ mọ́ra, sí etí méjèèjì kí ó má baà yà lóru.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yí ìsàlẹ̀ fóòmù yẹn wò. Ó ti ń bu, àbí?

Agbórí-omi

Háà. Báwo lẹ ṣe mọ̀? Ó ní àmì dúdú dúdú káàkiri. Mo rò pé òjò ló ń jò sí i.

Abẹ́rẹ́_Òwú

Kì í ṣe òjò. Ẹ̀yin gan-an ni. Ara èèyàn gbóná, ó ń mí, ó ń làágùn. Ooru náà á gba inú fóòmù kọjá lọ sísàlẹ̀. Níbẹ̀ ló ti máa pàdé pákó tó tutù, nítorí pé omi tútù ló wà lẹ́yìn ara ọkọ̀, á sì di omi. Fóòmù lórí pákó tí kò níhò dà bí ìgò tí wọ́n dé.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti fẹ́ gbé ayùn, ẹ lu ihò mílímítà 25 káàkiri ìdérí náà, kí ó tó sẹ̀ǹtímítà 15 láàárín ihò kan sí èkejì. Kí ẹ wá tẹ́ ẹní oníhò sábẹ́ fóòmù, irú èyí tí wọ́n fi okùn ike líle hun, tí kì í jẹ́ kí fóòmù kan pákó. Kí ilẹ̀kùn iwájú náà ní ihò tàbí ojú fèrèsé onípele. Afẹ́fẹ́ á wọ ibẹ̀, á gba òkè jáde. Ẹ ó rí i pé ẹrù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì náà ò ní máa rùn mọ́.

Ọkọ̀_Kékeré

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo já wọlé. Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ni tèmi, kò sí pákó níbẹ̀ rárá. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe gbogbo inú rẹ̀ lódindi, bẹ́ẹ̀dì náà wà lára rẹ̀. Tí mo bá kan iwájú rẹ̀, ó ń dún bíi páálí. Ṣé èmi náà lè gé e?

Ìdákọ̀ró

Ẹ lè gé e, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lu ihò kékeré kan ní àárín ibi tí ẹ fẹ́ gé kúrò, kí ẹ wo ohun tó bá dírílì jáde. Tó bá jẹ́ fáíbà nìkan, tó nípọn bíi mílímítà 3 sí 5, kò sí wàhálà. Tó bá jẹ́ pé igi fífúyẹ́ tàbí fóòmù líle ló jáde, a jẹ́ pé fáíbà wà níwájú, ó wà lẹ́yìn, nǹkan rírọ̀ wà láàárín. Lẹ́yìn tí ẹ bá gé irú ìyẹn, ẹ gbẹ́ nǹkan rírọ̀ náà kúrò yí etí ká tó sẹ̀ǹtímítà kan, kí ẹ fi epoxy tí ẹ ti pò mọ́ lúlúbú tó ń mú un ki dí i. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, omi á wọ inú rẹ̀, igi náà á jẹrà, ẹ kò sì ní rí i láti ìta.

Ẹ wọ ìbòmú tó dáa, kì í ṣe aṣọ pélébé. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti aṣọ alápá gígùn. Ẹni tí eruku fáíbà bá wọ̀ lára ló mọ bó ṣe ń yúnni. Fún ilẹ̀kùn, ẹ ra ìdérí ike tí wọ́n ti ṣe tán pẹ̀lú férémù rẹ̀, kí ẹ gé ihò bá a mu. Èèyàn kì í rí ẹ̀yẹ gbà lórí ọ̀nà tó le.

Agbórí-omi

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti parí rẹ̀, mo sì ní ìròyìn tó dùn àti èyí tó korò.

Ilẹ̀kùn apá òsì: ó yọrí sí rere. Mo fi páálí lẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó yà mí lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sún un. Lákọ̀ọ́kọ́, ó lọ sílẹ̀ jù débi pé mo ní láti dọ̀bálẹ̀ kí n tó rí inú rẹ̀. Ihò náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 42, ó ga ní 28. Nígbà tí mo ń gé e, eyín jigsaw ya ojú pákó lápá kan. Mo wá lẹ téèpù bébà mọ́ ojú ìlà kí n tó gé èyí tó kù, kò ya mọ́. Mo kun etí rẹ̀ gbogbo ní epoxy lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi sáńpépà fá a láàárín ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Ìdérí òkè: níbí ni wàhálà ti dé. Mo ṣírò bí ẹ̀gbọ́n ṣe sọ, mo ra ọ̀pá Newton 200 méjì, onírin tí kì í dípẹtà. Mo dè wọ́n tán, ara mi ò balẹ̀, mo fẹ́ wò ó kí fóòmù tó dé láti ibi tí wọ́n ti ń rán aṣọ rẹ̀. Bí mo ṣe tú ìkọ́ báyìí, pákó náà fò sókè gbàmù, ó lu àjà, skúrù apá kan fà tu kúrò nínú pákó. Ọkọ mi rò pé a ti gbá àpáta.

Káfíńtà_Èbúté

Ẹ pẹ̀lẹ́ o! Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, mi ò sọ fún yín. Ìwúwo fóòmù wà nínú ìṣirò wa. Tí ẹ bá mú un kúrò, nǹkan bí ìdajì agbára ọ̀pá náà ló ṣẹ́kù tí kò rí ohun tó máa tì. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀pá kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ́kọ́ dè.

Skúrù kò tó nínú pákó mílímítà 12 fún agbára bẹ́ẹ̀. Ẹ fi epoxy lẹ búlọ́ọ̀kù igi líle mọ́ abẹ́ ìdérí níbi tí orí ọ̀pá dúró sí, kí ẹ wá lo bóòtì tó la pákó já, tí orí rẹ̀ rì wọ inú pákó, kí ó má baà gún fóòmù. Apá tẹ́ẹ́rẹ́ ọ̀pá náà ńkọ́, ṣé òkè ló kọjú sí nígbà tí ìdérí bá dé, àbí ìsàlẹ̀? Ìsàlẹ̀ ló yẹ kó wà. Òróró díẹ̀ wà nínú ọ̀pá náà, ó gbọ́dọ̀ máa wà lórí rọ́bà tó ń dá gáàsì dúró. Tí rọ́bà náà bá gbẹ, gáàsì á jò.

Agbórí-omi

Òkè ló kọjú sí. Mo ti yí i padà. Búlọ́ọ̀kù náà ti wọlé, bóòtì 4 ló mú un. Fóòmù ti dé, Àǹtí Abẹ́rẹ́, mo gé e lábẹ́ orúnkún bí ẹ ṣe wí, mi ò mọ̀ ọ́n lára rárá. Ìdérí náà ń dìde jẹ́jẹ́ báyìí, ìka kan ni mo fi ń gbé e. Táǹkì ń ṣí, ẹ̀rọ ìwọn-eré ń ṣí, èèkàn igi ti wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú okùn.

Ìdákọ̀ró

Kí ló ń de ìdérí náà mọ́lẹ̀ tí ọkọ̀ bá dẹ̀gbẹ́ gan-an? Ọ̀pá yẹn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín yín àti ìgbì.

Agbórí-omi

Ìdábùú irin kan, lápá ọ̀tún.

Ìdákọ̀ró

Ẹ fi òmíràn sí òsì. Ìdábùú kan ṣoṣo á jẹ́ kí igun kejì máa gbé sókè. Ẹ sì ṣọ́ra ohun tí ẹ ń kó síbẹ̀. Ìgbà tí ibi kan bá ti rọrùn láti dé ni àwọn èèyàn máa ń gbé ṣéènì ìdákọ̀ró àti àpótí irinṣẹ́ sí i. Kílò 40 ní imú ọkọ̀ á mú kí ó máa rì lu ìgbì. Ohun tó wúwo, àárín ọkọ̀ ni kí ó wà, nísàlẹ̀ pátápátá.

Ayùn_Mẹ́ta

Àǹtí, apá ọ̀tún ńkọ́, níbi tí wáyà gbà? Tí ẹ bá sún wáyà yẹn sókè díẹ̀, ilẹ̀kùn kékeré kan á wọ ibẹ̀ dáadáa o.

Agbórí-omi

Ayùn_Mẹ́ta, ọkọ mi ti ka ohun tí o kọ yìí. Ó ní kí n bá òun gbé ayùn náà pamọ́. Mo ti gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn apá òsì, a kò sì ní gbé fóòmù ká tó rí i.